"Iná ń jó nínú ẹ̀jẹ̀ yín": ohun tí CRP àti NLR lè sọ, àti ohun tí wọn ò lè sọ

Ní Sátidé kan báyìí, ìyá kan ládùúgbò wa wá bá mi nílé pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni ọdún 56 ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n lọ yẹ gbogbo ara wò. Níbi tí wọ́n ti lọ ṣe é, ẹnì kan ti fi báírò pupa yí nọ́ńbà kan ká lórí ìwé náà: CRP 6.2. Ó sì sọ fún wọn pé, "Mummy, iná ń jó nínú ẹ̀jẹ̀ yín o." Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú wọn.

"Ọmọ mi, ṣé jẹjẹrẹ ni?" Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí nìyẹn, kí wọ́n tó jókòó pàápàá.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ń ṣe. Ó dùn mí pé ìwé tó yẹ kó là wọ́n lójú ló wá di ẹ̀rù jẹ̀jẹ̀ sí wọn lọ́kàn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì ti pọ̀ nílẹ̀ báyìí: CRP, ESR, NLR, SII, àwọn nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wò bóyá ara ń jagun. Àwọn kan tilẹ̀ ń polówó pé ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lè sọ fún yín bóyá ẹ ti ní ohun tí àwọn dókítà ń pè ní metabolic syndrome, ìyẹn àkójọ àwọn àmì tó ń ṣíwájú àtọ̀gbẹ, àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iná yẹn. Bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀ láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ibẹ̀ á ti pọ́n, á gbóná, á wú, á sì máa ta yín. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jagun fún ara ló ti sáré débẹ̀. Inflammation ni àwọn oníṣègùn ń pe èyí, ohun rere sì ni. Bí kò bá sí i, ọgbẹ́ kékeré lásán ni ì bá máa pa wá. Bí iṣẹ́ bá parí, àwọn ọmọ ogun náà á padà sílé, ẹsẹ̀ á sì wálẹ̀.

Irú kejì wà tí ojú kì í rí. Kì í wú, kì í ta, kì í fa ibà. Ó lè wà nínú ara fún ọdún mẹ́wàá kí ẹni tó ní in má mọ̀, bí ẹyin iná tí eérú bò mọ́lẹ̀ nínú àdògán. Iná abẹ́ eérú ni màá máa pè é nínú àlàyé yìí, nítorí òun gan-an ló kan ọ̀rọ̀ ṣúgà àti BP.

Níbo ló ti ń wá? Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, inú ikùn ni. A máa ń rò pé ọ̀rá kàn jókòó síbẹ̀ ni, bí gààrí nínú àpò, títí dọjọ́ tí ebi bá dé. Ọ̀rá tó yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká kì í sinmi o. Ó ń ṣe èròjà, ó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá wá kún ju bó ṣe yẹ lọ, atẹ́gùn kì í dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa mọ́, àwọn kan á kú, àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun tí wọ́n ń pè ní macrophage á sì wá palẹ̀ òkú mọ́. Wọ́n á dé, wọn ò ní lọ mọ́. Ní ọdún 1993, Gökhan Hotamisligil àti Bruce Spiegelman pẹ̀lú ẹnì kejì wọn nílẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀rá ara àwọn eku tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ TNF-alpha, àti pé bí wọ́n bá ká èròjà náà lọ́wọ́ kò, ínsúlíìnì tún ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára àwọn eku ọ̀hún. Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu nìyẹn: ọ̀rá ara ló ń ṣe èròjà ogun, èròjà ogun náà ló sì ń di ínsúlíìnì lọ́wọ́.

Ínsúlíìnì ni ìránṣẹ́ tó ń kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà. Bí ariwo bá pọ̀ nínú ilé, ta ni yóò gbọ́ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn? TNF-alpha àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ariwo náà. Oronro, ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlíìnì, á wá máa rán an sí i, ìkanlẹ̀kùn á di gbígbá, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ á dàrú, ẹ̀jẹ̀ á máa ru.

Láàárín gbogbo èyí, èròjà mìíràn, interleukin-6, á gba ojú ẹ̀jẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀, á ní kó ṣe CRP. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà tí wọ́n fi báírò pupa yí ká ti wá. CRP fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Ọdún 1930 ni William Tillett àti Thomas Francis rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń bá jà, ní Rockefeller Institute ní New York. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lò ó láti mọ̀ bóyá ara ń jagun. Bí ogun bá gbóná, ó lè fò sókè dé 100 tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí ogun bá sì rọlẹ̀, ó ń tètè sọ̀kalẹ̀, torí láàárín bíi wákàtí 19, ìdajì èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á ti lọ.

Iná abẹ́ eérú kì í gbé CRP dé 100. Ìwọ̀n kékeré ni, ẹ̀rọ àtijọ́ kì í sì lè kà á dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe èyí tó ń jẹ́ hs-CRP, tó lè ka ìwọ̀n tó kéré gan-an. Ní ọdún 2003, American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí àìsàn ọkàn, àti CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, pín in báyìí: bí kò bá tó mílígíráàmù 1 nínú lítà kan, ewu àìsàn ọkàn kéré, láti 1 sí 3, ó wà láàárín, bó bá kọjá 3, ewu pọ̀. Wọ́n tún sọ ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà gbọ́, pé bó bá kọjá 10, kí ẹ wá àìsàn tó ń ṣe é kiri, kí ẹ sì tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí ara bá ti yá.

NLR àti SII kò ní ẹ̀rọ tiwọn rárá. Ìṣirò lásán ni, a ń ṣe é láti inú FBC, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo ilé ìwòsàn ń ṣe. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, neutrophil ni àwọn tó ń kọ́kọ́ sáré sójú ogun, lymphocyte sì ni àwọn tó ń rántí ọ̀tá àtijọ́. Bí ara bá wà nínú wàhálà, neutrophil á pọ̀ sí i, lymphocyte á dín kù. Ti ìyá wa, neutrophil 4.8, lymphocyte 2.0. Ẹ fi 2.0 pín 4.8, ó di 2.4. NLR nìyẹn. Platelet wọn, àwọn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, jẹ́ 260. Ẹ fi 260 sọ 2.4 di púpọ̀, ó di 624. SII nìyẹn. Ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yín tó o.

Torí pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀, tí kò sì gba owó mìíràn, àwọn olùwádìí ní Ṣáínà, Tọ́kì, Amẹ́ríkà àti ibòmíràn ti fi í wá metabolic syndrome kiri. Ohun tí wọ́n sábà ń rí ni pé bí a bá kó àwọn tó ní in jọ sápá kan, tí a kó àwọn tí kò ní in sápá kejì, àwọn nọ́ńbà yìí máa ń ga díẹ̀ lápá àkọ́kọ́. Ibí yìí ni ìpolówó ti máa ń gba òtítọ́ kọjá.

Ẹ fi gíga ènìyàn wò ó. Bí ẹ bá kó ọkùnrin 100 àti obìnrin 100 jọ, àwọn ọkùnrin á ga ju àwọn obìnrin lọ. Kò sí ẹni tó máa jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí wọ́n kàn sọ fún yín pé ó ga tó 170 sẹ̀ǹtímítà, ṣé ẹ lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọkùnrin ni? Bí CRP àti NLR ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ń sọ òtítọ́ nípa àwùjọ, wọ́n sì ń ṣì wá lọ́nà nípa ẹnì kan ṣoṣo.

Yàtọ̀ sí èyí, iná mìíràn pọ̀ tó lè gbé wọn sókè. Eyín tó ń jẹrà. Ibà. Òtútù tó mú yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Orúnkún tó ń ro yín. Sìgá. Oyún. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí à ń gbé mì, èyí tó ní estrogen nínú, ń gbé CRP ga láìsí àìsàn kankan. Àwọn oògùn bíi dexamethasone àti prednisolone, tí àwọn kan ń rà fúnra wọn lọ́wọ́ kẹ́míìsì kí wọ́n lè sanra, ń gbé neutrophil sókè, wọ́n sì ń fa lymphocyte wálẹ̀, NLR á wá ga lọ́jọ́ tí ara le kokoko. (Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe lo oògùn wọ̀nyẹn láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún yín. Àwọn fúnra wọn ń gbé ṣúgà àti BP sókè.) Ibà tí ẹ̀fọn ń fà tún máa ń fa platelet lulẹ̀, kó sì gbé CRP ga fíofío, nítorí náà SII ẹni tí ibà ń ṣe kò wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa gan-an, ó sì ká mi lára torí kì í sábà wà nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wa. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní Duffy. Lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbàáyé, ohun tí jíìnì náà ń ṣe dà bí ilẹ̀kùn tí kòkòrò ibà kan, Plasmodium vivax, ń gbà wọlé. Lára àwa ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ilẹ̀kùn yẹn kò sí. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá HapMap lórí àbùdá ènìyàn, àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn pátá ni kò ní ilẹ̀kùn Duffy náà. Ẹ̀bùn ìyá-ńlá wa ni. Àmọ́ ohun kan náà yìí ló ń jẹ́ kí neutrophil tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ wa kéré ju ti àwọn ará Yúróòpù lọ. Mùdùnmúdùn inú egungun wa ń ṣe wọ́n dáadáa, wọ́n sì ń jagun nígbà tí ogun bá dé. Iye tí ẹ̀rọ ń rí lójú ẹ̀jẹ̀ ló kéré.

Bí ẹ bá jẹ́ Yorùbá tó ń gbé ní London tàbí Houston, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ fún yín rí pé sẹ́ẹ̀lì funfun yín kéré. Ẹ̀yí lè jẹ́ ìdí rẹ̀. Bó sì ṣe kan NLR nìyí: nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2014 láti inú àkọsílẹ̀ ìlera ilẹ̀ Amẹ́ríkà, NLR àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 2.24 ní ìpíndọ́gba, ti àwọn aláwọ̀ dúdú sì jẹ́ 1.76. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá mú òṣùwọ̀n tí wọ́n gé fún ará Ṣáínà tàbí ará Yúróòpù, tó fi wọn ara wa, ó lè sọ fún ẹni tó ní metabolic syndrome pé kó lọ sùn, kò sí nǹkan kan. Ti CRP tún yàtọ̀, torí ní Amẹ́ríkà, ti àwọn aláwọ̀ dúdú ló sábà ń ga ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Òṣùwọ̀n kan ń fà wá sísàlẹ̀, èkejì ń fà wá sókè.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ metabolic syndrome? Ní ọdún 1988, Gerald Reaven, oníṣègùn ní Stanford, ṣàlàyé pé ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá tó dàrú máa ń rìn pọ̀ lára ẹnì kan náà, àti pé ínsúlíìnì tí ara kò gbọ́ mọ́ ló wà nídìí wọn. Ó pè é ní Syndrome X. Ó yani lẹ́nu pé kò ka ikùn ńlá mọ́ ọn. Ní ọdún 2009 ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá ńlá, International Diabetes Federation àti American Heart Association wà lára wọn, fẹnu kò sí àmì márùn-ún. Bí mẹ́ta bá pé lára yín, ẹ ní in. Kò sí CRP níbẹ̀, kò sí NLR.

Àyíká ikùn ni àkọ́kọ́. Fún àwa ọmọ Áfíríkà, wọ́n ní kí a ṣì máa lo ìwọ̀n 94 sẹ̀ǹtímítà fún ọkùnrin, bí ínṣì 37, àti 80 fún obìnrin, ó lé díẹ̀ ní ínṣì 31. Téèpù télọ̀ ni ẹ máa fi wọ̀n ọ́, ní àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ má ṣe fa ikùn wọlé. Èkejì ni BP: 130 lókè tàbí 85 nísàlẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni ṣúgà àárọ̀ kí ẹ tó fi nǹkan kan kan ẹnu, 100 sókè ní òṣùwọ̀n mg/dL, tàbí 5.6 bí lab yín bá ń lo mmol/L. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rá tó ń jẹ́ triglyceride, 150 sókè (mg/dL ni òun àti èyí tó tẹ̀ lé e). Ẹ̀karùn-ún ni HDL, ọ̀rá tó dára, tí kò bá tó 40 fún ọkùnrin tàbí 50 fún obìnrin. Bí ẹ bá sì ti ń lo oògùn fún BP tàbí ṣúgà, ẹ ka àmì náà mọ́ ara yín, kódà bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti wálẹ̀.

Ẹ fi ojú sí triglyceride yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ni tirẹ̀ kì í ga, kódà nígbà tí ínsúlíìnì ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ lára wọn. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé "ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín dára" torí triglyceride nìkan, ẹ ṣì wo HDL, kí ẹ sì wo téèpù.

Ṣé kí a wá da CRP nù ni? Rárá o. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2003, Paul Ridker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 14,719 ní Amẹ́ríkà tí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn fún ọdún mẹ́jọ. Láàárín àwọn tó ti ní metabolic syndrome, àwọn tí CRP wọn ju 3 lọ ni àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ bá jù. Iṣẹ́ tí mo gbà pé ó tọ́ sí CRP nìyẹn. Bí àmì márùn-ún bá ti sọ ohun tó ń ṣe yín, hs-CRP lè ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó, kó sì pinnu bóyá ó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn ọ̀rá bíi statin. Kí ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ara yín dá, kí ẹ sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Mo tún gbọdọ̀ sọ ti àgbo "fọ ẹ̀jẹ̀" tí wọ́n ń kiri tà fún ẹni tí CRP rẹ̀ bá ga. Iná yìí ń ti inú ọ̀rá ikùn jó ni. Ohun tí a mọ̀ dájú pé ó ń bu omi pa á ni kí ọ̀rá náà dín kù. Nínú ìwádìí Diabetes Prevention Program tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002, wọ́n ní kí àwọn tí ṣúgà wọn ti ń ga gbìyànjú láti dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú 100 dín kù láàárín wọn ju àwọn tí wọn ò fún ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì wákàtí lóòjọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Mo mọ̀ pé kò rọrùn níbi tí ọ̀nà kò ti ní ibi ẹsẹ̀ rìn, tí a sì ti ń ki ènìyàn kú oríire nígbà tí ikùn rẹ̀ bá yọ síwájú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Mo ní kí wọ́n ya ẹnu. Ẹ̀yìn eyín kan lápá òsì ti wú, ó ti tó oṣù kan tí wọ́n ti ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ rí dókítà eyín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ tán, CRP ti sọ̀ dé 2.4.

Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo yí ìwé náà padà sí ojú kejì, níbi tí báírò pupa kò dé. Ṣúgà àárọ̀, 106. Triglyceride, 128. HDL, 44. BP tí wọ́n kọ sí igun òkè, 138/88. Mo ní kí wọ́n mú téèpù jáde nínú báàgì wọn, torí oníṣòwò aṣọ kì í rìn láìmú téèpù dání. 97 sẹ̀ǹtímítà. Àmì mẹ́rin nínú márùn-ún, gbogbo rẹ̀ wà lórí ìwé kan náà tí wọ́n ti ń gbé kiri láti bí ọ̀sẹ̀ kan, kò sì sẹ́ni tó tọ́ka sí ọ̀kan nínú wọn.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe jẹjẹrẹ?" Mo ní rárá, Mà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ajé.

Oṣù mẹ́fà nìyẹn. Dókítà kò tíì kọ oògùn BP fún wọn, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ máa rìn, kí wọ́n sì dín òkèlè alẹ́ kù. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń rìn pẹ̀lú àwọn ìyá méjì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Téèpù ti di 91, BP 128/82, ṣúgà 97, HDL 46. Àmì méjì ló kù. Lẹ́yìn 2.4 ọjọ́ eyín yẹn, a ò ṣe CRP mọ́, torí kò sí ohun tí à bá fi nọ́ńbà rẹ̀ ṣe.